Láìnì Ni Olè Ń Wá

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn oníṣòwò sọ ní Ẹ̀pẹ́ lórí ààbò fóònù

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ìyá wa ẹlẹ́ja Olúwo, ẹ̀yin bàbá wa ọlọ́kọ̀ ojú omi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe POS lẹ́bàá ọ̀nà, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ kú ọjà o. Ajé á wọ igbá o. Mo mọ̀ pé ẹja tútù kì í dúró de ènìyàn, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti wà létí omi láti ìdájí kí ẹ tó wá jókòó síbí. Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́.

Iṣẹ́ fóònù ni mo ń ṣe. Ayétòrò ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbé fóònù tó já sómi wá bá mi, ìpẹ́ ẹja tí mo sì ti fi abẹ́rẹ́ yọ lẹ́nu ihò ṣáàjì kò níye. Nítorí náà, ẹ má ṣe wò mí bí àlejò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ilé ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè. Bí olè bá já fóònù gbà lọ́wọ́ yín lónìí, kí lẹ rò pé ó fẹ́ gbà? Mo gbọ́ ìyá kan lẹ́yìn tó ní, "Fóònù náà ni, kí ló tún kù?" Ìyá, ẹ ṣeun. Ohun tí èmi náà rò nìyẹn tẹ́lẹ̀. Láìnì ni olè ń wá. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: láìnì, ìyẹn SIM kékeré tí nọ́ńbà yín wà lórí rẹ̀, ni olè ń wá. Fóònù tó bá mú lọ, èènì ni.

Ìgbà tí fóònù kò ju fóònù lọ

Ẹ̀yin àgbà á rántí ọdún 2001, oṣù kẹjọ, nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. 50 náírà ni ìṣẹ́jú kan. Ènìyàn á lọ dúró lábẹ́ agboorùn ẹni tó ń ta ìpè, á sanwó, á yára sọ tẹnu rẹ̀ kí ìṣẹ́jú má baà pé méjì. Bí wọ́n bá jí fóònù nígbà yẹn, fóònù ni wọ́n jí. Wọ́n á lọ tà á, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lónìí? Láìnì yẹn kan náà ni báńkì fi ń dá yín mọ̀. Òun ni WhatsApp fi ń dá yín mọ̀. Láti oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba ti ní kí kálukú so láìnì rẹ̀ mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, láìnì náà ló sì wà lórí BVN wa, nọ́ńbà tí àwọn báńkì fi ń dá ènìyàn mọ̀. Ẹ sì rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú. Ìyá tí kò gba tíránsífà rí láyé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ kan, torí ẹja ò mọ̀ pé kò sí náírà nílùú, jíjẹrà ló mọ̀. Láti ìgbà náà ni igbá ọjà ti wọnú fóònù. Kò sì tíì jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ajah

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ ra ojú fóònù àti bátìrì ní Computer Village ní Ìkẹjà. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo sọ̀ ní Ajah kí n wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí lálẹ́. A ń ti ara wa, a ń fún ara wa, ọwọ́ kan wọ àpò mi, ó jáde, mi ò mọ̀. Ìgbà tí kọ̀ndọ́ béèrè owó ni mo tó fọwọ́ kan àpò. Òfo.

Kí ni mo sọ lọ́kàn mi? Mo ní kò burú. Mo ti fi ìka ọwọ́ mi ti fóònù yẹn pa, mo sì mọ irú fóònù náà, kò rọrùn láti ṣí. Mo ní bí ilẹ̀ bá mọ́, màá lọ gba láìnì mi padà. Mo délé, mo jẹ ẹ̀bà, mo sùn.

Láàárọ̀, wọ́n gba láìnì mi padà fún mi. Mo fi í sínú fóònù mìíràn, álẹ́ẹ̀tì báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, ọ̀kan lórí èkejì. Tíránsífà. Káàdì ìpè. Tíránsífà. Owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan tí mo ti ń kó jọ diẹ̀diẹ̀ ti lọ. Mo jókòó sórí àga oníbàárà, mi ò lè dìde. Títí di òní, ó dá mi lójú pé wọn ò ṣí fóònù yẹn. Wọn ò tilẹ̀ nílò láti ṣí i.

Láìnì ni wọ́n yọ, wọ́n fi í sínú fóònù tiwọn. Láìnì ò mọ olówó rẹ̀, ẹ̀yin ìyá mi. Fóònù tí a bá fi í sí ni á máa jẹ́ iṣẹ́ fún. Bí wọ́n bá ní kí báńkì fi kóòdù ránṣẹ́ sí oníàkáǹtì, ọ̀dọ̀ olè ni kóòdù ń balẹ̀ sí. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ BVN, láìnì yín náà ni wọ́n á fi béèrè. Àwọn kóòdù oní-ìràwọ̀ tí a ń tẹ̀ láìsí dátà, láìnì yín náà ló ń gbé e. Mo ti ilẹ̀kùn iwájú pa, mo tì í gbọn-in, mo sì fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu.

Oorun tí mo sùn yẹn sì ni ó bà mí nínú jẹ́ jù. Báńkì Àpapọ̀ ti ní láti ọdún 2018 pé owó tó máa gba orí kóòdù oní-ìràwọ̀ jáde lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju 100,000 náírà lọ, àfi ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀wé fún jù bẹ́ẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni ó túmọ̀ sí lójú olè? Aago mọ́kànlá alẹ́, ó gba ti òní. Aago méjìlá kọjá, ọjọ́ ti yí, ó gba ti ọ̀la. Nígbà tí mo ń hanrun, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jẹ mí.

Kọ́kọ́rọ́ tó wà lára láìnì

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé láìnì fúnra rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́? Pín ni wọ́n ń pè é. Pín báńkì kọ́, pín tí a fi ń ṣí ojú fóònù kọ́. Ti láìnì ni. Bí a bá ti gbé e sí i, ẹni tó bá yọ láìnì náà sínú fóònù mìíràn, yóò béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ kankan. Kò mọ̀ ọ́n? Páálí lásán ló mú lọ. Fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì ní in. Fóònù ńlá ní in. iPhone ní in. Ọ̀fẹ́ ni. Èmi tí mo ń ṣí fóònù lójoojúmọ́, oníbàárà tí mo rí tó ti gbé e sórí láìnì rẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ kan lọ.

Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ wọ Settings, ẹ wá Security, ẹ ó rí SIM lock tàbí SIM PIN níbẹ̀. Ó máa béèrè pín tí ilé iṣẹ́ ti fi sórí láìnì náà tẹ́lẹ̀. Ibí yìí ni kí ẹ dúró, kí ẹ fetí sí mi dáadáa. Ẹ má ṣe fi àbá tẹ̀ ẹ́! Bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, láìnì á ti ara rẹ̀ pa, á ní kí ẹ mú PUK wá. PUK ni nọ́ńbà tí a fi ń ṣí láìnì tó ti ti ara rẹ̀ pa, nọ́ńbà mẹ́jọ ni, ara páálí tí láìnì bá wá ni ó máa ń wà. Bí ẹ bá tún ṣi òun náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, láìnì yẹn ti kú nìyẹn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pe 300. Láti ọdún 2023 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ láìnì, ti sọ 300 di nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún gbogbo ilé iṣẹ́ láìnì. Ẹ bi wọ́n pé kí ni pín tó wà lórí láìnì yín, kí ẹ wá fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Ẹ má lo ọdún ìbí. Ẹ má lo 1234.

Ẹ dákun, kí kálukú yí fóònù rẹ̀ sẹ́yìn báyìí. Kí ló wà nínú ìbòrí rẹ̀? Mo ń rí i láti ibi tí mo dúró sí. ATM. Ìwé NIN tí a ká mẹ́rin. Ìyá, bí a bá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ara àgádágodo, kí la fi tì í? Ẹ yọ wọ́n jáde kí n tó kúrò níbí. Bákan náà ni àwòrán ATM tí a yà sínú fóònù kí a má baà gbàgbé nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ pa á rẹ́.

Ọwọ́ tútù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí ní Olúwo. Oníbàárà ra àrọ̀ mẹ́ta, ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún ìyá ẹlẹ́ja, àrọ̀ ń jà lábẹ́ ọwọ́ òsì, omi àti ẹ̀jẹ̀ ẹja dé ìgbọ̀nwọ́. Fóònù dún nínú tòbí. Ìyá ò lè fọwọ́ kàn án. Wọ́n na ìdí sí ọmọkùnrin kan tó dúró nítòsí: "Bá mi mú un, bá mi wò ó bóyá owó ti wọlé." Ọmọ ní, "Màmá, ó ń béèrè pín." Ìyá gbé orí sókè, wọ́n sì pe nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde ketekete, gbogbo ìsọ̀ tó wà nítòsí gbọ́. Èmi náà gbọ́. Mo sì lè pè é báyìí.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ bi mí pé ta ni ọmọ náà. Mi ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo bi ìyá náà lẹ́yìn tí èrò dínkù, àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ má lo fóònù lọ́jà. Mo mọ iṣẹ́ yín. Abọ́ omi kékeré kan àti aṣọ ìnuwọ́ gbígbẹ nínú ọ̀rá, kí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀. Oníbàárà tó ń kánjú á dúró ìṣẹ́jú kan. Ẹ fọwọ́ ara yín wò ó, báláǹsì ni kí ẹ sì wò, ẹ má gba álẹ́ẹ̀tì gbọ́, torí ọ̀rọ̀ lásán ni álẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè kọ irú rẹ̀ ránṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ̀ ju wa lọ. Ṣé wọ́n máa ń kó gbogbo owó wọn sínú tòbí lọ sọ́jà? Rárá. Ṣéńjì ló wà nínú tòbí, àpótí wà nílé. Kí ló dé tí àwa wá kó tòbí àti àpótí pọ̀ sínú àkáǹtì kan, lórí láìnì kan, nínú fóònù tó ń gbọ̀n lẹ́bàá omi? Ẹ ya àkáǹtì ọjà sọ́tọ̀. Lálẹ́, ẹ ti èrè sínú èkejì, kí èkejì yẹn wà lórí láìnì tí oníbàárà kankan ò ní, nínú fóònù oní-tọ́ọ̀ṣì tí kì í jáde nílé. Kí ó má ní ATM tí ẹ ń gbé kiri.

Ẹni tó pè yín lórúkọ

Nígbà tí ẹnìkan bá pè yín, tó ní báńkì lòun ti ń pè, tó dárúkọ yín, tó dárúkọ báńkì yín, àyà yín á já. Ẹ ó ní, "Báwo ló ṣe mọ̀ mí?" Ẹ wo páálí tó rọ̀ sára agboorùn yín. Ta ló kọ orúkọ àti àkáǹtì síbẹ̀? Àwọn àkáǹtì kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ nọ́ńbà fóònù yín gan-an ni, òdo iwájú ni wọ́n yọ. Ẹni tó ra ẹja 2,000 náírà ti mọ gbogbo rẹ̀ kó tó kúrò ní ìsọ̀. Páálí náà ò burú, òun lẹ fi ń tajà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ka páálí yín di ọ̀gá báńkì lójú yín.

Báńkì kì í béèrè kóòdù. Kóòdù tó bá wọ fóònù yín, kì í ṣe fún ọmọ, kì í ṣe fún pásítọ̀, kì í ṣe fún àlùfáà. Ìyá kan tó ń darí àsàlátù ní àdúgbò mi gba ìpè lọ́jọ́ Sátidé kan. Ẹni náà ní àwọn fẹ́ fi wọ́n sínú ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ Kùránì lórí WhatsApp, nọ́ńbà mẹ́fà máa wọlé, kí wọ́n kà á fún òun. Wọ́n kà á. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, "ìyá" ti ń tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo àsàlátù, ó ní òun wà nílé ìwòsàn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi owó ránṣẹ́, torí ìfẹ́. Ohun tó dun ìyá yẹn jù kì í ṣe owó. Ó ní òun ò lè wo ojú wọn mọ́. Oṣù kan ni wọn ò fi wá sí àsàlátù.

WhatsApp ti ní kọ́kọ́rọ́ kejì fún èyí láti ọdún 2017. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Account, ẹ tẹ Two-step verification, ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà tiyín. Bí ẹ bá tilẹ̀ ṣèèṣì ka kóòdù fún wọn, wọn ò ní rí ọ̀nà wọlé.

Ìdẹ

Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin lẹ mọ èyí. Ṣé ẹja máa ń rí ìwọ̀? Ekòló ló ń rí. "Ìjọba ń pín owó fún àwọn oníṣòwò, tẹ ibí." "Dátà ọ̀fẹ́, fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá." Ekòló ni. Ìwọ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń fi ìdẹ náà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín, torí ẹ fẹ́ kí ó kàn wọ́n.

Ẹ má gba ápù láti orí WhatsApp. Play Store ni ká ti gbà á. Àwọn tó ń lo GB WhatsApp nínú yín, mo mọ̀ yín, fóònù púpọ̀ nínú yín ti gba ọwọ́ mi kọjá. Kì í ṣe àwọn tó ni WhatsApp ló ṣe é. Ẹ kò mọ ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yín.

Ápù ayánilówó náà ńkọ́? 10,000 náírà ni wọ́n yá ọ̀dọ́ kan, ó tẹ "Allow" láì kà á, wọ́n sì kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀. Ọjọ́ tí owó pé tí kò san, wọ́n ti kọ sí ìyá ìyàwó rẹ̀ pé olè ni. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, Google ti fi òfin de àwọn ápù ayánilówó tó wà ní Play Store pé wọn ò gbọdọ̀ kó nọ́ńbà àti àwòrán ènìyàn mọ́. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ níta Play Store kò sí lábẹ́ òfin yẹn.

Àwọn kan máa ń bi mí nípa àwọn tó ń wọ fóònù láti òkèèrè láìfọwọ́ kàn án. Ó wà. Ní ọdún 2019, WhatsApp fẹ̀sùn kan NSO Group, ilé iṣẹ́ Ísírẹ́lì tó ń ṣe ohun tí a fi ń ṣe amí inú fóònù, pé wọ́n gba ojú ìpè wọ fóònù bí 1,400. Oníròyìn àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn wà nínú àwọn tí wọ́n dójú sọ. Ohun tí a lè ṣe sí irú èyí ni pé, bí fóònù bá ní òun fẹ́ ṣe update, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń jẹ owó ẹja.

Ọ̀rọ̀ àwa oníṣẹ́ fóònù

Màá sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ wa. Nígbà tí ẹ ra fóònù, ta ló ṣí Gmail yín? Ẹni tó tà á ni. Ṣé ó fún yín ní páwòòdù? Kò fún yín. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Gmail yẹn ni Google fi lè bá yín ti fóònù pa láti orí fóònù mìíràn lọ́jọ́ tó bá sọnù, òun ló sì lè bá yín pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Ẹni tí kò mọ páwòòdù rẹ̀ kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣí i. Bó bá ti gbàgbé, kó bá yín ṣí òmíràn, kí ẹ̀yin fọwọ́ ara yín tẹ páwòòdù.

Bí ẹ bá sì gbé fóònù wá fún àtúnṣe, ẹ yọ láìnì. Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ yọ ọ́.

Wákàtí àkọ́kọ́

Ó ti sọnù. Kí la máa ṣe? Ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ má sùn. Ẹ yá fóònù ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, inú ọkọ̀ ni o, ojú omi ni o. Báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí wọ́n ti àkáǹtì pa. Lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ láìnì, kí wọ́n gé láìnì náà. Ẹ sọ fún ẹnìkan nílé kó kìlọ̀ fún àwọn ẹbí pé kí wọ́n má fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórúkọ yín. Ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá àti gbígba láìnì padà pẹ̀lú NIN lè dúró di ọjọ́ kejì. Báńkì kò lè dúró.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà báńkì dà? Inú fóònù tó sọnù ni ó wà! Ìdí nìyẹn tí mo fi ra àwọn ìwé kékeré tó wà lórí tábìlì yìí. Ẹ kọ nọ́ńbà báńkì yín sí i. Ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á jáde, ìyẹn orúkọ tí fóònù yín ń jẹ́, ẹ kọ òun náà, ọlọ́pàá á béèrè rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ọmọ kan tí ẹ fọkàn tán. Ìwé yìí kò gbọdọ̀ ní pín kankan nínú, kò sì gbọdọ̀ bá fóònù gbé inú àpò kan náà.

Àwọn ọmọṣẹ́ mi mẹ́ta ló jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe na fóònù rẹ̀ fún wọn. Wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ̀yin lẹ máa pe 300, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín tẹ pín tuntun, wọ́n á sì kọjú sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Aṣọ ìnuwọ́ wà níbí fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù. Ìyá tó jókòó nítòsí fèrèsé yẹn ti ń nawọ́ láti àárọ̀. Ìyá, ẹ máa bọ̀, ọ̀dọ̀ yín la ti máa bẹ̀rẹ̀.